Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ìwé ìròyìn orin ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jáde, ta ló sì ń sanwó rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì gbà pé a ó rí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ yìí rí láàárín wa. Nígbà tí mo bá ń ka àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ìwé ìròyìn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi Melody Maker, NME àti Sounds, ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni bí ẹ̀dà kan ṣe ń tẹ̀ lé òmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìyẹ̀: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gígùn, àyẹ̀wò àwo orin tuntun, ìròyìn ibi tí àwọn olórin yóò ti ṣeré, lẹ́tà àwọn òǹkàwé àti àtẹ orin tó tà jù, gbogbo rẹ̀ nínú ojú ìwé 48 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àpilẹ̀kọ, àmọ́ n kò mọ bí àpilẹ̀kọ ṣe ń di ìwé tí ènìyàn ń rà.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń pinnu ohun tí yóò wọlé àti ohun tí kò ní wọlé, nígbà wo ni ọ̀rọ̀ sì máa ń bọ́ sí ọwọ́ atẹ̀wé? Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀nà wo ló ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó ń rà á, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tí kò tà? Ohun tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ owó, nítorí pé owó tí wọ́n kọ sí ara ìwé náà kéré sí gbogbo iṣẹ́ tí mo ń rí nínú rẹ̀.

Ìdáhùn kìn-ín-ní

Ẹ kú ìbéèrè. Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹ́ ti ẹni tó ń tún àpilẹ̀kọ ṣe lábẹ́ olóòtú: à ń gé ọ̀rọ̀ tó gùn jù, à ń kọ àkọlé, à ń yẹ orúkọ àti déètì wò, a sì ń rí i pé ọ̀rọ̀ wọ inú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ náà, ibẹ̀ náà ni èmi yóò ti sọ ọ́.

Kí a kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́kàn pé ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà kan. Lọ́jọ́ kọ́jọ́, ẹ̀dà mẹ́rin ló máa ń wà lórí iṣẹ́: ọ̀kan ti wà lórí àtẹ tí wọ́n ń tà á, ọ̀kan wà lọ́wọ́ atẹ̀wé tàbí ó ku díẹ̀ kó dé ibẹ̀, ọ̀kan ni àwọn akọ̀ròyìn ń kọ lọ́wọ́, nígbà tí olóòtú ń bá àwọn alukoro olórin dúnàádúrà nítorí ẹ̀kẹrin. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí yóò gba èèpo iwájú lè ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, nítorí pé ẹgbẹ́ olórin tó lókìkí kì í jókòó ti akọ̀ròyìn nígbà tó bá wu akọ̀ròyìn. Ìgbà tí àwo orin wọn bá fẹ́ jáde tàbí tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò eré ni wọ́n máa ń gbà. Alukoro yóò fẹ́ kí ìlérí èèpo iwájú ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, olóòtú yóò sì fẹ́ ìlérí pé ìwé ìròyìn mìíràn kò ní gbé ẹni náà sí iwájú lọ́sẹ̀ kan náà. Ibi tí agbára olóòtú ti ń hàn jù lọ nìyí lójú tèmi, torí pé ìlérí tó bá ṣe níbí kò rọrùn láti yí padà mọ́ bí àwo orin náà bá jáde tí kò sì dára.

Ètò ojú ìwé ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Wọ́n á ya àpótí kéékèèké sórí bébà ńlá kan, àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún ojú ìwé kan láti èkíní dé èyí tó kẹ́yìn. Ìpolówó ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi síbẹ̀, nítorí pé àwọn tó sanwó fún ìpolówó ti yan àyè wọn: ẹ̀yìn èèpo, ojú ìwé ọwọ́ ọ̀tún, tàbí ẹ̀gbẹ́ àyẹ̀wò àwo orin. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ti olóòtú. Ẹ óò wá rí i pé olóòtú nìkan kọ́ ló ń pinnu bí ìwé yóò ṣe nípọn tó. Bí ìpolówó bá pọ̀ lọ́sẹ̀ kan, ojú ìwé yóò pọ̀ sí i. Bí kò bá pọ̀, ìwé yóò fúyẹ́, àpilẹ̀kọ tó dára gan-an sì lè dúró de ọ̀sẹ̀ mìíràn tàbí kó má tilẹ̀ jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Ọjọ́rú ni ìwé ń dé orí àtẹ. Á jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ Ajé ni ojú ìwé tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa. Àwọn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gígùn àti fọ́tò wọn ti gbọ́dọ̀ parí ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú. Àyẹ̀wò àwo orin ń parí ní ọjọ́ Ẹtì. Àyẹ̀wò eré orí ìtàgé ló máa ń mú èémí kúrú, nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni eré máa ń pọ̀: ẹni tó wo eré ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ tán ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ayàwòrán tó bá a lọ pàápàá kò ní àyè púpọ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngán ńlá, orin mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà á láyè láti yà níwájú ìtàgé, láìlo iná kámẹ́rà, lẹ́yìn èyí tí wọn yóò ní kó jáde. Fọ́tò tí ẹ ń rí tí ó dà bí ẹni pé ó kó gbogbo òru eré náà sínú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ eré ni wọ́n ti yà á. Ìròyìn ló ń kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. A máa ń fi ojú ìwé mélòó kan sílẹ̀ gbayawu fún un títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Ní ti àyẹ̀wò àwo orin, ẹ má rò pé ọjà ni lámèyítọ́ ti ń rà á. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ló máa ń fi ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí àwo orin yóò jáde, pẹ̀lú àdéhùn ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lè hàn sí gbogbo ayé. Tẹ́lẹ̀ rí, àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Nísinsìnyí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n sì lè fi àmì kan tí etí kò gbọ́ pamọ́ sínú orin náà, tó fi jẹ́ pé bí ó bá tú síta kí ọjọ́ tó pé, wọ́n á mọ ẹni tí wọ́n fún. Lámèyítọ́ tó mọṣẹ́ á gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kó tó kọ ọ̀rọ̀ tí kò ju 300 lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù. Iye ọ̀rọ̀ tó bá jáde ni wọ́n ń san owó lé lórí, nítorí náà bí mo bá gé àpilẹ̀kọ kan sí ìdajì, ó ṣeé ṣe kí n gé owó ẹnì kan náà. Èyí kì í kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́, mo sì gbà pé kò yẹ kó kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó ń ṣe é.

Lẹ́yìn tí àpilẹ̀kọ bá wọ ojú ìwé, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán, ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á kà á. Ojú máa ń rí àṣìṣe lórí bébà tí kò rí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni kan gbọ́dọ̀ ka àwọn ọ̀rọ̀ tó lè di ẹjọ́: ẹ̀sùn pé olórin kan jí orin ẹlòmíràn, ìtàn oògùn olóró, ìjà láàárín ẹgbẹ́ olórin àti ẹni tó ń ṣètò wọn. Bí ó bá le, agbẹjọ́rò yóò kà á. Àkọlé orí èèpo iwájú ni a máa ń jiyàn lé lórí pẹ́ jù, nítorí pé àwọn ìwé máa ń gorí ara wọn lórí àtẹ, tó fi jẹ́ pé òkè àti ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni òǹrajà lè rí. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ìwé fi ń wà lókè, tí ọ̀rọ̀ tó lágbára jù sì ń wà ní apá òsì.

Ìdáhùn kejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ilé ìtẹ̀wé ni èmi wà, mo sì fẹ́ fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ yín, nítorí pé àwọn akọ̀ròyìn sábà máa ń rò pé atẹ̀wé kàn ń fi agídí kọ ojú ìwé tó pẹ́ ni.

Bébà tí a fi ń ṣe ìwé tí wọ́n fi wáyà dì láàárín máa ń pa ojú ìwé méjì tó jìnnà síra pọ̀. Bí ìwé bá ní ojú ìwé 48, ojú ìwé 1 àti 48 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bébà. 2 wà pẹ̀lú 47, 4 pẹ̀lú 45, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí tí 24 àti 25 yóò fi pàdé láàárín. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 49 ni yóò máa jẹ́ nígbà gbogbo. Nítorí náà, bí ìròyìn ojú ìwé 4 bá pẹ́, kì í ṣe òun nìkan ló pẹ́. Ojú ìwé 45 náà kò ní lè lọ, bí ó tilẹ̀ ti parí láti ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rọ ńlá tó ń lo bébà oníróòlù sì ń tẹ ojú ìwé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sábà máa ń jẹ́ 16, nítorí náà ojú ìwé kan ṣoṣo tó pẹ́ lè dá ìyókù dúró. Olóòtú tó bá mọ èyí á kó gbogbo ohun tó máa ń pẹ́, bí ìròyìn àti àtẹ orin, sí inú ìdì bébà kan náà, á sì fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sí inú ìdì tó kọ́kọ́ ń lọ. Ìdí kan náà ló fà á tí iye ojú ìwé kì í fi í jẹ́ 45 tàbí 47: ó gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín, ó sì tún sàn bí ó bá ṣeé fi 8 tàbí 16 pín.

Àwọ̀ mẹ́rin ni a ń lò: búlúù, pupa tó fara pẹ́ elése àlùkò, ìyeyè àti dúdú. Awo irin pẹlẹbẹ kan wà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láyé àtijọ́, wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù to ojú ìwé kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí QuarkXPress, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ojú ìwé, dé ní 1987, tí irú rẹ̀ mìíràn, InDesign, sì tẹ̀ lé e ní 1999, iṣẹ́ yẹn bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Lónìí, fáìlì PDF ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ sì ń ya á sórí awo irin náà tààrà. Àṣìṣe tó ń bà wá nínú jẹ́ jù ni fọ́tò tí wọ́n já láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò orí bébà dídán nílò nǹkan bí àmì kéékèèké 300 nínú ínṣì kan, èyí tó dára lójú fóònù lè máà tó ìdá mẹ́rin rẹ̀, kò sì sí ohun tí atẹ̀wé lè ṣe sí i lóru ọjọ́ ìtẹ̀wé.

Bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó ń jáde jẹ́ èyí tí a ń sọ nù títí àwọ̀ yóò fi dúró déédéé. Lẹ́yìn náà, a kì í fẹ́ dá a dúró mọ́. Owó tó pọ̀ jù ti lọ kí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó dára tó jáde, nítorí náà ẹ̀dà tó bá tẹ̀ lé e kò wọ́n mọ́, bébà àti yíǹkì ni ó kù.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ojú ìwé 4 àti 45 yẹn ti là mí lọ́yẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìtẹ̀wé sọ pé ẹ̀dà tó tẹ̀ lé ẹ̀dà àkọ́kọ́ kò wọ́n. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kì í fi tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu kó má baà tán lórí àtẹ? Mo sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ tó ń san owó ìpolówó lè ra àyẹ̀wò rere.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àkọ́kọ́, nítorí pé iṣẹ́ ìpínkiri ni mo ṣe pẹ́ jù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí àwọn ìwé tí ẹ dárúkọ ti ń jáde, ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ akéde kó bọ́ sọ́wọ́ òǹkàwé tààrà. Láti ilé ìtẹ̀wé, ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà ńlá tí wọ́n ń pín in fún ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ kùtù pẹ̀lú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́. Oníṣọ́ọ̀bù máa ń mú tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí wọ́n kọ sára ìwé, alágbàtà àti ẹni tó ń ṣètò ìpínkiri mú tiwọn, ohun tó sì ń padà sọ́wọ́ akéde kì í jìnnà sí ìdajì. Nínú ìdajì yẹn ni owó bébà, owó ìtẹ̀wé, owó ọkọ̀, owó oṣù àti owó akọ̀ròyìn yóò ti jáde. Ẹ lè wá rí i pé ìbẹ̀rù yín nípa owó tí wọ́n kọ sára ìwé kì í ṣe ìbẹ̀rù asán.

Ohun tó le jù ni pé oníṣọ́ọ̀bù kì í ra ìwé náà pátápátá. Ó ń gbà á pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti dá èyí tí kò tà padà, wọn á sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tó jẹ. Ẹ̀dà tó bá padà kò ní iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé ẹ̀dà tuntun ti dé. Wọ́n á lọ̀ ọ́ padà di bébà. Ká ní wọ́n tẹ 100,000, tí 60,000 sì tà: akéde ti san owó ìtẹ̀wé àti owó ọkọ̀ lórí 40,000 tí kò ní mú kọ́bọ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu.

Bẹ́ẹ̀ ni kíkéré náà ní ewu tirẹ̀, ewu yìí sì burú jù lójú mi nítorí pé a kì í rí i. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá gba ẹ̀dà márùn-ún tó sì ta márààrún, àkọsílẹ̀ yóò sọ pé márùn-ún tà, kò sì ní sọ iye ènìyàn tó wọlé, tó wá ìwé náà, tí kò rí i, tó sì jáde. Bí alágbàtà bá fi àkọsílẹ̀ yẹn pín ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, márùn-ún náà ni ṣọ́ọ̀bù yẹn yóò tún gbà. Mo ti rí ìwé tó dára tó rọra kú báyìí ní agbègbè kan, láìsí ẹni tó kórìíra rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò máa fi ẹ̀dà díẹ̀ kún ti ibi tó bá ti tán, yóò sì farada ohun tó bá padà.

Àmì ìlà dúdú orí èèpo ìwé ló jẹ́ kí a lè tọpa gbogbo èyí. Ti ìwé àtìgbàdégbà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 977, ISSN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé náà mọ̀, tẹ̀ lé e, àfikún kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ wo ni. Bí kò bá sí àfikún yẹn, oníṣọ́ọ̀bù lè dá ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ yìí padà ní orúkọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ yìí, kí iye tó tà gan-an tó dájú, ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta mìíràn ti lè wà níta. Olóòtú ìwé olóṣooṣù lè ní sùúrù wo ohun tí èèpo iwájú rẹ̀ mú wá kó tó yan òmíràn. Ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ní àyè yẹn, ó ń yan èèpo tuntun láìtíì mọ bí ti àná ṣe tà.

Àwọn tó san owó sílẹ̀ fún odindi ọdún ni ìtura akéde. Owó wọn ti wọlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀dà wọn tó ń padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìfìwéránṣẹ́ àti ẹ̀dínwó ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn orí èèpo náà máa ń gbé ọjà lọ́sẹ̀ tó bá bọ́ sí. Ní 1981, NME àti ilé-iṣẹ́ orin Rough Trade ṣe kásẹ́ẹ̀tì orin kan fún àwọn òǹkàwé, èyí tí wọ́n ní láti gé kúpọ́ọ̀nù inú ìwé kí wọ́n tó lè béèrè fún. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì náà kò lè yá ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà.

Ìdáhùn kẹrin

Èmi yóò mú ti ìpolówó, nítorí pé ibẹ̀ ni owó wà.

Iye ẹ̀dà tó tà ń pawó lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òǹkàwé bá rà á, lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí akéde bá fi iye náà han ẹni tó fẹ́ polówó. Nítorí pé irọ́ rọrùn láti pa níbí, àwọn àjọ tó ń yẹ iye ẹ̀dà wò dìde, ABC ti Amẹ́ríkà ní 1914, ABC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931. Àwọn tó ń ra ìpolówó nínú ìwé orin ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, àwọn tó ń gbé eré kalẹ̀, àwọn tó ń ta ohun èlò orin, àti àwọn ènìyàn lásán tó ń fi ìlà méjì, mẹ́ta wá ẹni tí wọn yóò jọ ṣeré. A kì í ka àwọn tó kẹ́yìn yìí sí tó bó ṣe yẹ. Ní 1970, ìpolówó kékeré nínú Melody Maker ló mú Phil Collins dé inú ẹgbẹ́ Genesis, òmíràn nínú ìwé kan náà sì mú Steve Hackett wá bá wọn. Ní 1967, Elton John àti Bernie Taupin dá ilé-iṣẹ́ orin kan tó polówó nínú NME lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì di ẹni tó ń kọ orin pọ̀. Olórin tí ń wá iṣẹ́ kò ní fi ọ̀sẹ̀ kan kọjá láì ra irú ìwé bẹ́ẹ̀, yálà ó fẹ́ràn ẹni tó wà lórí èèpo rẹ̀ ni o, tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti ríra àyẹ̀wò rere, ìdánwò náà wà lóòótọ́, ó sì ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀: Lawrence Wright, ẹni tó dá Melody Maker sílẹ̀ ní 1926, ń tẹ orin sórí bébà tà fúnra rẹ̀. Billboard, ìwé ìròyìn orin ti Amẹ́ríkà, pàápàá, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Cincinnati ní 1894, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lẹ ìpolówó mọ́ ògiri ló dá lé. Ohun tó ń dáàbò bo ìwé ni kí ẹni tó ń ta ìpolówó má mọ ohun tí lámèyítọ́ kọ títí ìwé yóò fi lọ sí ilé ìtẹ̀wé, kí lámèyítọ́ náà má sì mọ ẹni tó ra ojú ìwé. Ilé-iṣẹ́ tí inú bá bí lè fa ìpolówó rẹ̀ yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí òǹkàwé bá pọ̀ tó, yóò padà wá, nítorí pé kò sí ibòmíràn tó lè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, òmìnira lámèyítọ́ wà lọ́wọ́ òǹkàwé tó ń sanwó ju bí ó ṣe wà lọ́wọ́ ìwà rere olóòtú lọ.

Mo gbàgbọ́ pé ìdí tí ìwé wọ̀nyí fi ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Sounds àti Record Mirror kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1991, wọ́n pa Melody Maker pọ̀ mọ́ NME ní ìparí 2000. NME fúnra rẹ̀ ń ta ju 300,000 lọ lọ́sẹ̀ ní 1964. Nígbà tí yóò fi di 2015, kò ju bí 15,000 lọ mọ́. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń pín ju 300,000 ní ibùdókọ̀ ojú irin, yunifásítì àti ṣọ́ọ̀bù. Iye náà padà sí ti 1964, àmọ́ kò gba ìwé náà là: ẹ̀dà orí bébà ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dópin ní oṣù kẹta 2018. Ẹni tó yọ owó lápò ti ṣèlérí pé òun yóò kà á. Ẹni tí wọ́n na ìwé sí nígbà tó ń sáré wọ ọkọ̀ kò ṣèlérí kankan, ẹni tó ń polówó sì mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa.

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ọ̀kan péré ló kù: bí ènìyàn bá fẹ́ dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lónìí, bí ó tilẹ̀ kéré, ọjọ́ wo ló yẹ kó máa jáde?

Ìdáhùn kìn-ín-ní

Ọjọ́ tí orin ń jáde ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Tẹ́lẹ̀, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀: ọjọ́ Ajé ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ 10 oṣù keje 2015, ọjọ́ Ẹtì ló di ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lágbàáyé. Bí ìwé yín bá dé orí àtẹ ní Ọjọ́rú, òǹkàwé á ní ọjọ́ méjì láti ka àyẹ̀wò kí àwo orin tó jáde, èyí sì dára, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ orin gbọ́dọ̀ ti fún yín ní orin náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Àwọn olórin ńlá kan kì í fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n kàn ń jù ú sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òru láìkéde. Irú èyí, bí ó bá jáde lọ́jọ́ Ẹtì, lámèyítọ́ yín ní òpin ọ̀sẹ̀ láti gbọ́ ọ dáadáa, ẹ ó sì tún rí i fi sínú ojú ìwé ọjọ́ Ajé. Bí ẹ bá yan ọjọ́ Ẹtì fún ìtajà, Ọjọ́rú ni ojú ìwé yín yóò ti tì, àwo orin tó jáde láìròtẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan náà yóò sì di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Nítorí náà, Ọjọ́rú ni èmi yóò mú. Kí ẹ sì bá ilé ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kéde rẹ̀, nítorí pé alẹ́ ọjọ́ Ajé tí ẹ nílò lè ti wà lọ́wọ́ ìwé mìíràn.